Ojú Ta La Fi Ń Wo Ara Wa? Ìfarabalẹ̀ àti Ìrẹ́pọ̀ Ẹni Pẹ̀lú Ara Rẹ̀

Àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí lé olùbánisọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ní kó sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe lè bá ara rẹ̀ rẹ́. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Òde ku ọ̀sẹ̀ méjì. Obìnrin kan tó ti lé díẹ̀ ní ẹni ogójì ọdún dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó la apá méjèèjì. Télọ̀ fa téèpù kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi yí i láyà, ó pe 44 sókè fún ọmọṣẹ́ tó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Téèpù sọ̀ kalẹ̀ sí ìbàdí. Kó tó kàn án lára, obìnrin náà ti fa ikùn wọlé, ó ti sé èémí mọ́nú. "Ẹ mí, mà," ni télọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n bó ṣe rí." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò mí. Lọ́jọ́ òde, aṣọ náà fún un débi pé kò lè jókòó jẹun dáadáa, ìborùn ló sì fi bo apá nínú gbogbo fọ́tò tí wọ́n yà.

Ta ló ń fa ikùn wọlé fún? Télọ̀ kò dá a lẹ́jọ́. Téèpù kò mọ ẹni tó lẹ́wà yàtọ̀ sí ẹni tí kò lẹ́wà. Ojú kan ń wò ó tí kò sí nínú ṣọ́ọ̀bù náà rárá. Inú orí obìnrin náà ló fi ṣe ibùjókòó. Ojú yẹn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé, àti ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ti dán wò tí èèyàn lè fi gba ara rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ojú ayé ṣe ń wọlé

Ní 1997, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Barbara Fredrickson àti Tomi-Ann Roberts, gbé àlàyé kan jáde. Wọ́n ní ọmọbìnrin tí aráyé ń fi ojú wọ̀n láti kékeré, bó bá yá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Yóò máa ṣọ́ ara rẹ̀ láti ìta, bí èrò ọkọ̀ ṣe ń ṣọ́ ẹrù tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì: ojú rẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀, kò sì ní gbádùn ìrìn àjò náà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn dán an wò. Wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wọ yàrá kan lọ́kọ̀ọ̀kan, níbi tí dígí gígùn wà. Àwọn kan wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, àwọn kan wọ súwẹ́tà. Bí aṣọ ṣe wà lára wọn, wọ́n fún wọn ní ìṣirò ṣe. Àwọn obìnrin tó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kò ṣe dáadáa tó àwọn tó wọ súwẹ́tà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n. Irú ìfàsẹ́yìn bẹ́ẹ̀ kò hàn lára àwọn ọkùnrin. Ọpọlọ tí ó yẹ kó máa ro ìṣirò ń ro itan àti ikùn. Ẹ jẹ́ ká ronú iye ìdánwò, iye ìpàdé, iye ìrun àti ìsìn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣe pẹ̀lú ìdajì ọkàn nítorí ojú yìí.

Nílẹ̀ Yorùbá, ara kì í ṣe ohun tí à ń dákẹ́ lé. Ẹni tó ti ìdálẹ̀ dé kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tí wọ́n á ti sọ fún un pé, "O ti rù! Ṣé kò sí o?" tàbí pé, "Ara rẹ ti ń dán, o ti sanra!" Láyé àwọn ìyá wa àgbà, ọ̀rọ̀ kejì yẹn ìkíni gidi ni. Ara tó kún túmọ̀ sí pé oúnjẹ wà, pé ọkọ ń tọ́jú ìyàwó, pé àìsàn jìnnà. Nígbà tí àrùn éèdì sì tàn kálẹ̀, ẹni tó bá rù lójijì di ẹni tí àwọn aládùúgbò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Òṣùwọ̀n náà yí padà lójú wa. Ní November 2001, ní Sun City ní South Africa, Agbani Darego tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 gba adé Miss World, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ọmọ gíga, tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló wo àwòrán rẹ̀ tí wọ́n ní kí ló dé tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fo oúnjẹ. "Lẹ́pa" di oríyìn, "òróbó" di orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọmọ ní kíláásì. Kó tó pẹ́, òṣùwọ̀n tún sún: ìbàdí tín-ín-rín, ìdí ńlá. Àwọn kan ń mu oògùn tó ní cyproheptadine nínú, oògùn ara yíyún tó ń mú èèyàn jẹun tó sì ń mú un tòògbé, kí ìdí lè yọ. Àwọn mìíràn lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ fún BBL, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń sọ ìdí di ńlá, èyí tí àwọn dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò fojú bù ní 2017 pé ó ń pa nǹkan bí ẹnì kan nínú 3,000. Ẹni tó ń bóra ń fi hydroquinone àti máákúrì pa awọ tí a fi bí i. Ohun kan náà ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: ẹni tó ń lé òṣùwọ̀n tí kò dúró lójú kan.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere tó erékùṣù Fiji. Níbẹ̀, bíi tiwa, ara tó kún ni wọ́n ń yìn, jíjẹ àjẹyó sì jẹ́ ara ọmọlúàbí. Ní 1995, tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé agbègbè Nadroga. Anne Becker láti Harvard bá àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ girama sọ̀rọ̀ nígbà náà, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1998. Àwọn tí ìṣe wọn sí oúnjẹ ti ń kọni lóminú jẹ́ 12.7 nínú ọgọ́rùn-ún lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n di 29.2. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ọ̀kankan tó sọ pé òun ń fìka tọ́ ọ̀fun bì nítorí kóun má baà sanra. Ní 1998, wọ́n di 11.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Tẹlifíṣọ̀n lásán nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pa lálẹ́. Fóònù tòní ń bá ọmọ wọ abẹ́ aṣọ ìbora. Ní 2021, ìwé inú ilé iṣẹ́ Facebook tí Frances Haugen tú síta fi hàn pé àwọn olùwádìí ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn ti rí i pé Instagram ń dá kún ìrora ọmọbìnrin kan nínú mẹ́ta lára àwọn ọ̀dọ́langba tí ara wọn kò tẹ́ lọ́rùn.

Kí ni ìfarabalẹ̀?

Ní 1979, Jon Kabat-Zinn, onímọ̀ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí, ṣí kíláásì kan ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts ní ìlú Worcester. Àwọn tó wá síbẹ̀ ni àwọn tí ìrora kò fi lọ́rùn sílẹ̀, tí dókítà ti ṣe é tì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Buddha ni Kabat-Zinn ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tó fi ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó bọ́ aṣọ ẹ̀sìn kúrò lára rẹ̀, ó ku ohun mẹ́ta: kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkàn sí ohun kan, kó jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí, kó má sì dá a lẹ́jọ́.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún un. Bí ọmọdé bá ń sáré sọ ohun tójú rẹ̀ rí, a ó ní, "Fara balẹ̀." Ara là ń ní kó gbé kanlẹ̀, bí ìgbà tí arẹrù bá sọ ẹrù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abiodun, nínú ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ ọnà àti èdè Yorùbá tó jáde ní 2014, ka ìfarabalẹ̀ pẹ̀lú ojú inú àti ìtutù mọ́ ohun tí ọnà gidi kò gbọdọ̀ ṣaláìní. Agbẹ́gilére tí kò fara balẹ̀ wo igi kò ní mọ ibi tí igi náà ti yí. Bákan náà ni ẹni tí kò fara balẹ̀ wo ara rẹ̀. Ìròyìn tí ayé ṣe fún un nípa rẹ̀ nìkan ni yóò mọ̀.

Àwọn kan lè máa bẹ̀rù pé ẹ̀sìn àjèjì nìyí. Mùsùlùmí tó ń kírun mọ̀ pé ara lè wà lórí ẹní kí ọkàn wà lọ́jà. Kírísítẹ́nì tó kúnlẹ̀ mọ̀ pé ẹnu lè máa gbàdúrà kí ọkàn máa ka owó. Àwọn méjèèjì ló ti kọ́ bí a ṣe ń pe ọkàn padà. Pípè yẹn ni iṣẹ́ ìfarabalẹ̀, ẹ̀sìn ẹni kì í sì í dí i lọ́wọ́.

Wò ó, sọ ọ́ bó ṣe rí, bọ́ sínú rẹ̀

Ẹni tó la ọgbọ́n yìí sí wẹ́wẹ́ jù ni Marsha Linehan, tó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Washington ní Seattle. Ìwé tó gbé jáde ní 1993 wà fún àwọn tí ayé ti sú, tí wọ́n ń gbìyànjú láti pa ara wọn. Ní 2011, ó padà lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ kan ní Hartford, ó dúró níwájú èrò, ó sì sọ fún wọn pé òun fúnra òun ti jẹ́ aláìsàn níbẹ̀ rí, láti ọmọ ọdún 17, nígbà tí òun ń fi nǹkan ya ara òun tí òun sì ń fi iná jó o. Obìnrin tó mọ bí èèyàn ṣe ń kórìíra ara tirẹ̀ ló kọ ọ̀nà náà. Ó ní kí èèyàn kọ́kọ́ wo nǹkan, kó sọ ọ́ bó ṣe rí, kó sì wá bọ́ sínú rẹ̀ tọkàntara.

Wíwò ni àkọ́kọ́. Nínú kíláásì Kabat-Zinn, wọ́n á dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n á kọ́kọ́ fi ọkàn sí: ṣé ó gbóná, ṣé ó tutù, ṣé kò tiẹ̀ sí ohun tí wọ́n mọ̀ lára níbẹ̀? Lẹ́yìn náà àtẹ́lẹsẹ̀, kókósẹ̀, orúnkún, títí dé àtàrí. Ó lè gba ìṣẹ́jú 45. Ọkàn á sá lọ síbi gbèsè àti ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ sọ. Wọ́n á rọra pè é padà, wọn kò ní bá a jà. Ẹni tó ti pẹ́ tó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ohun tó tóbi jù fún bàtà yóò bá a pàdé lọ́tun, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ tó ti gbé e dúró láti àárọ̀.

Oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Èso àjàrà gbígbẹ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ní Worcester. Níbí, àgbálùmọ̀ á ṣe é. Ẹ gbé e dání. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ tó dà bí oòrùn ìrọ̀lẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ gé e jẹ, kí oje funfun yẹn lẹ̀ mọ́ yín ní ètè, kí ẹ̀kan kó tó tẹ̀ lé adùn, kí ẹ fi ahọ́n wá kóró náà rí. Ẹni tó ti ń jẹun pẹ̀lú ẹ̀bi fún ọdún mẹ́wàá, tó ń gbé e mì kíákíá kí ẹnì kan tó wọlé, yóò ṣàkíyèsí pé ó ti pẹ́ tí òun ti tọ́ nǹkan wò.

Sísọ ọ́ bó ṣe rí ló le jù, dígí sì ni ìdánwò rẹ̀. Ní 2006, Sherrie Delinsky àti Terence Wilson gbé ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 45 tí ara wọn ń kó ìdààmú bá. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn dúró níwájú dígí lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí láti orí dé ẹsẹ̀, láìfo ibì kankan, láìlo ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Àwọn yòókù kàn bá olùtọ́jú sọ̀rọ̀ ni. Ara àwọn onídígí rọ̀ jù: wọn kò ṣọ́ ara wọn tó tẹ́lẹ̀ mọ́, wọn kò sì sá fún un mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Obìnrin kan dúró, ó ní, "Ikùn mi burú." Ẹjọ́ nìyẹn. Olùtọ́jú ní kó tún un sọ. "Ó yọ síwájú." Ó ti sún mọ́ ọn. "Ó yípo. Ó rọ̀. Ìlà wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ ìdodo, wọ́n mọ́ díẹ̀ ju awọ tó kù lọ. Àpá ibi tí wọ́n ti gbé ọmọ kejì jáde wà nísàlẹ̀, ó gùn bí ìka mi. Bí mo bá mí, ó ń gòkè." Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òótọ́, kò sí èébú kan nínú rẹ̀. Bí téèpù ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Télọ̀ ọjọ́sí ti sọ ọ́ láìmọ̀: ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n bó ṣe rí.

Èrò náà ń gba irú ìtọ́jú kan náà. Bí "mo ti burẹ́wà" bá wọlé, aláfarabalẹ̀ á ní, "Èrò kan dé tó sọ pé mo burẹ́wà." Gbólóhùn méjèèjì jọra, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ibi tí onílé dúró sí. Nínú ti àkọ́kọ́, àlejò ti jókòó lórí àga olórí ilé. Nínú èkejì, ó wà lẹ́nu ọ̀nà, onílé ń wò ó.

Bíbọ́ sínú rẹ̀ ni ìkẹta, Yorùbá sì mọ̀ ọ́n lójú agbo. Ẹni méjì ń jó. Ọ̀kan ń wo fóònù tí wọ́n fi ń ká a sílẹ̀, ó ń ro bí apá rẹ̀ ṣe rí nínú aṣọ aláìlápá. Onígángan ń pe oríkì bàbá èkejì; èkejì náà ti tẹ̀ ba, ó ti gbé èjìká, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dá ìlù lóhùn. Ìyẹn kò ráyè apá. Ohun tí ara ń ṣe ló gbà á lọ́kàn. Jessica Alleva àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Netherlands dán irú èyí wò lára ọ̀dọ́bìnrin 81 tí ara wọn kò tẹ́ lọ́rùn, wọ́n sì gbé e jáde ní 2015. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kọ ohun tí ara wọn ń bá wọn ṣe sílẹ̀. Ara wọn wá tẹ́ wọn lọ́rùn ju ti àwọn tó kọ nǹkan mìíràn lọ. Ìyá tó bá jókòó kọ tirẹ̀ yóò ní ohun púpọ̀ láti kọ: ọwọ́ tó ro àmàlà, ẹ̀yìn tó pọn ọmọ mẹ́ta, etí tó gbọ́ ẹkún lóru kí ẹnikẹ́ni tó jí.

Ohun kan wà tó yẹ kó bá gbogbo rẹ̀ rìn, ìyẹn àánú. Ellen Albertson àti Kristin Neff pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ wọn kan fi ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀, ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Obìnrin 228 ló wà nínú ìwádìí náà, tó jáde ní 2015. Ẹ̀kọ́ náà ń kọ́ wọn láti bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa bá ọ̀rẹ́ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ sọ̀rọ̀. Ìtìjú ara dín kù lọ́kàn àwọn tó gbọ́ ọ, àǹfààní náà sì wà síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ sí ara wọn níwájú dígí, bí wọ́n bá sọ ọ́ sí ọmọ aládùúgbò, ìjà ló máa dá sílẹ̀.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ìfarabalẹ̀ kì í ṣe oògùn kí n rù. Kò sì sọ pé kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru tàbí tí ìtọ̀ ṣúgà ń yọ lẹ́nu má gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu. Ó kàn ń mú kí ó rọrùn láti tọ́jú ara náà, torí pé ohun tí èèyàn kórìíra ṣòro láti tọ́jú. Ẹni tó ń febi pa ara rẹ̀, tó ń jẹun tán tó ń lọ bì í, tàbí tó ń ro ikú, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ló yẹ kó lọ. Kí ẹ̀rù irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ má sì bà á: láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró, l'Abẹ́òkúta, tó fi hàn pé ìtọ́jú ọkàn lè wà láàárín ìlú, láàárín ẹbí, láìsí ẹ̀wọ̀n.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ti fipá bá lò tàbí tí wọ́n ti lù rí, tí dídi ojú fi ọkàn sí ara lè jí ẹ̀rù wọn dìde. Willoughby Britton ní Yunifásítì Brown ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí irú ewu bẹ́ẹ̀. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ la ojú sílẹ̀, kó fi ọkàn sí àtẹ́lẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ tàbí sí ìró ẹyẹ, kó sì wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kó tì í lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ ọkùnrin sílẹ̀ o. Ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní kúkúrú bìlísì, ọ̀dọ́ tó ń gún abẹ́rẹ́ kí iṣan lè yọ, bàbá tí irun rẹ̀ ń já tó ń dé fìlà sùn, wọ́n ń gbé pẹ̀lú ojú yẹn náà. Wọn kì í sọ ọ́ ni.

Ohun tí ilé àti àdúgbò lè ṣe

Ìfarabalẹ̀ ẹnì kan kò lè tó bí gbogbo agbo ilé bá ṣì ń fi ojú wọ̀n ọ́n. Nítorí náà, àbá mẹ́ta ni olùbánisọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀. Kí àwọn olùkọ́ fi òpin sí orúkọ ìnagijẹ tó dá lórí ara ọmọ nínú kíláásì, kí àwọn náà má sì pe irú rẹ̀. Kí ìyá ṣọ́ ohun tó ń sọ nípa itan àti àwọ̀ tirẹ̀ níwájú dígí, nítorí ọmọbìnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ń gbọ́. Bí ọmọ bá sì ti ìdálẹ̀ dé, kí a kí i kú ọ̀nà, kú àtijọ́, kú àárò ilé, kí a béèrè iṣẹ́, ọmọ àti àlàáfíà, kí ìwọ̀n ara rẹ̀ má jẹ́ ohun tí a ó fi ṣí ọ̀rọ̀.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, ìyípadà kékeré ti tó. Télọ̀ kan lè kọ nọ́ńbà sílẹ̀ láìpè é sókè. Oníbàárà rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ikùn bá ti ń wọlé fúnra rẹ̀, kó ṣàkíyèsí rẹ̀, kó mí síta, kí ikùn padà sí àyè rẹ̀. Téèpù yóò yí i ká bó ṣe rí. Ọmọṣẹ́ yóò kọ ọ́, wọn yóò sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ ọrùn aṣọ, bóyá kó ṣe róbótó tàbí kó ní igun, àti bóyá kí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ sí apá.